Megabit 300 wà nílé, géèmù ṣì ń di: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá ibi tó há kàn

Ẹ̀sùn náà kò gùn: íntánẹ́ẹ̀tì ilé yára, síbẹ̀ géèmù kò ṣe é gbá lálẹ́. Ọmọkùnrin ilé náà, ẹni ọdún 19, ló ń gbá géèmù ìbọn yínyìn kan tí èèyàn 10 máa ń pín sí ọ̀nà méjì láti bá ara wọn jà. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ará ilé wọlé tán, ìyà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yóò yìnbọn lu ọ̀tá tó dúró gedegbe níwájú rẹ̀, ọta kò ní bà á. Yóò sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, géèmù á tún wọ́ ọ padà sí gbangba níbi tó ti kúrò, wọn á sì pa á síbẹ̀. Nọ́ńbà ping tó wà ní igun ojú ẹ̀rọ, tó máa ń wà ní nǹkan bí 28, á fò lọ sí 300, á dé 450, nígbà mìíràn á kọjá 600 kó tó tún sọ̀kalẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti náwó sí i. Megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di 300. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó fi fóònù rẹ̀ dán iyára wò, ó rí 290 ó lé díẹ̀. Géèmù kò yí padà. Ó ra ráútà tuntun tí wọ́n kọ gaming gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Géèmù kò yí padà. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ló tún kù tí a ò tíì san owó rẹ̀?”

Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni àṣìlóye wà. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ́ wa láti máa díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn megabit. Megabit ń sọ bí dátà tó lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí ìdì dátà kékeré kan, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní packet, ṣe máa pẹ́ tó lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tó ń lọ, kí èsì rẹ̀ sì padà wá. Ìyẹn ni ping ń sọ, millisecond ni a sì fi ń kà á. 1000 millisecond ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Èèyàn lè ní èkíní rẹpẹtẹ kí èkejì burú jáì.

Géèmù tó ń lọ lọ́wọ́ kì í jẹ dátà tó bí èèyàn ṣe rò. Àwòrán kọ́ ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wá. Àwòrán ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń rán lọ kò ju pé: ó tẹ bọ́tìnì yìí, ó kọjú síbí, ó yìnbọn. Ohun tó ń gbà padà kò ju ibi tí àwọn yòókù wà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í pé megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo wo ti ọmọ náà bó ṣe ń gbá a lọ: kò tó ìdajì megabit. Ẹni tó ní 100 ti ní ju ohun tí géèmù ń fẹ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, 300 kò lè fi nǹkan kan kún un. Àsìkò ni géèmù kò ní sùúrù fún. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ géèmù tí gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀, tó bá ń ṣe ìṣirò ìjà ní ìgbà 64 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í lò ju millisecond 15.6 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìròyìn pé ọmọ náà yìnbọn bá fi millisecond 450 pẹ́ lójú ọ̀nà, server ti ṣe ìṣirò 28 kọjá kó tó gbọ́.

Ohun tó wà nínú ilé

Wáyà coax, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣàn wọ ilé, ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń gbà wá. Ó wọ inú modem, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ náà fún wọn láti fi so ilé mọ́ wáyà náà, modem so mọ́ ráútà tuntun tí bàbá rà, ráútà ń fún gbogbo ilé. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ìwé àdéhùn wọn. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀: 300 fún dátà tó ń wọlé, 10 fún dátà tó ń jáde. Bàbá kò kíyè sí èkejì rí. Nígbà tí wọ́n gbé èkíní láti 100 lọ sí 300, èkejì kò kúrò ní 10.

Ahun lásán kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Lórí ọ̀pọ̀ wáyà coax, apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dátà tó ń jáde láti inú ilé bẹ̀rẹ̀ láti 5 MHz, ó sì parí sí 42 tàbí 65 MHz (MHz ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìgbì tó ń gba inú wáyà). Gbogbo òkè rẹ̀, tó ń lọ dé nǹkan bí 1000 MHz, ti dátà tó ń wọlé ni. Ayé ìgbà tí tẹlifíṣàn nìkan ń gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ti pín in bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ti ilé rán nǹkan kan jáde. Ilé ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú èyí tí mò ń sọ yìí, kámẹ́rà méjì wà níta tó ń rán fídíò lọ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin máa ń bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣèpàdé lórí fídíò lálẹ́. Fóònù márùn-ún ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kó fọ́tò rẹ̀ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ping mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣí fèrèsé mẹ́ta sójú kọ̀ǹpútà ọmọ náà, ping ń lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìdúró. Èkíní ń pe ráútà inú ilé. Èkejì ń pe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí traceroute, ètò tó ń to àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà lẹ́sẹẹsẹ, máa ń kọ sí ìlà tó tẹ̀ lé ráútà ilé. Ẹ̀kẹta ń pe ẹ̀rọ kan ní ìlú tí server géèmù wà, torí ọ̀pọ̀ server géèmù fúnra wọn kì í dá ping lóhùn. Fún irú iṣẹ́ yìí, n kò mọ ohun èlò tó dára jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ping kan ṣoṣo máa ń sọ fún èèyàn pé nǹkan bàjẹ́. Mẹ́ta tó ń lọ pọ̀ máa ń sọ ibi tó ti bàjẹ́.

Lọ́sàn-án, ráútà ń dáhùn ní millisecond 3, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń fò sí 70, sí 90. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wà ní 13, ti ọ̀nà jíjìn wà ní 28, bí ti ráútà bá sì fò, àwọn náà á bá a fò. Ìyẹn jẹ́ àléébù Wi-Fi. Kọ̀ǹpútà wà lókè, ráútà wà nísàlẹ̀, ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz ló so wọ́n pọ̀, ìkànnì 4 sì ni ráútà yàn fúnra rẹ̀. Lórí 2.4 GHz, ìkànnì 1, 6 àti 11 ni mẹ́ta tí kì í gun ara wọn. Ẹni tó bá wà lórí 4 ń gbọ́ ariwo àwọn tó wà lórí 1 àti ti àwọn tó wà lórí 6 pọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì Wi-Fi, àwọn yòókù á dúró. N kò fi àsìkò ṣòfò lórí rẹ̀. Mo ní kí a fa wáyà.

Wáyà tí wọ́n rí nílé ti gbó díẹ̀. Ó so, ṣùgbọ́n megabit 100 ni kọ̀ǹpútà rí lórí rẹ̀ dípò 1000. Okùn méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin ló wà nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀; 1000 ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 100 ń lo méjì péré, ọ̀kan nínú èyí tó kù ti já. Fún ìjà géèmù, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. A pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí géèmù tuntun bá fẹ́ wọlé.

Pẹ̀lú wáyà, ráútà ń dáhùn kí millisecond 1 tó pé, kò sì fò mọ́. Ọmọ náà rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ná.

Ilẹ̀ ṣú. Fèrèsé àkọ́kọ́: 0.6, 0.5, 0.7. Èkejì: 380, 512, 468. Ẹ̀kẹta: 395, 527, 484.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Láti kọ̀ǹpútà dé ráútà, kò sí ìdádúró. Láti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ dé ìlú tí server wà, ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 15 tàbí 16, bó ṣe wà lọ́sàn-án gẹ́lẹ́. Gbogbo ìdádúró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn wà lójú kan ṣoṣo, láàárín ráútà ilé àti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti ilé-iṣẹ́. Server kò jẹ̀bi. Ọ̀nà jíjìn kò jẹ̀bi.

Ó kù kí a mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín ilé àti ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò ló jọ ń pín wáyà coax, alẹ́ sì ni gbogbo wọn ń lò ó, nítorí náà ó lè jẹ́ pé àdúgbò ló kún. Bàbá ti gbé fóònù láti bá ilé-iṣẹ́ náà wí. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ilé tiwa.” A yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àfi kọ̀ǹpútà kan yẹn, ní wákàtí tí ìyà ń jẹ ẹ́ gan-an. Ping sọ̀kalẹ̀ sí 13 lójú ẹsẹ̀. Ká ní àdúgbò ló kún ni, kò ní sọ̀kalẹ̀, torí àwọn aládùúgbò ṣì wà lórí wáyà wọn. Bàbá gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣàn ni mo fi ṣáájú, torí òun ni gbogbo ilé ń fura sí. Ó ń gba fíìmù 4K wọlé, bí megabit 20. Ping kúrò ní 13, ó di 14. Ìpàdé fídíò ẹ̀gbọ́n: 15. Kámẹ́rà méjèèjì: 18. Fóònù bàbá, ti ọmọ, ti àwọn yòókù: kò sí ohun tó yí padà. Fóònù ìyá ló kẹ́yìn. Kò pẹ́ rárá: 120, 290, 440, 510.

Ìyá kò ṣe nǹkan kan. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó fi fóònù sí iná, ó sì gbé e kalẹ̀. Áàpù tó ń kó fọ́tò rẹ̀ pamọ́ ti ń dúró de wákàtí yẹn láti àárọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣiṣẹ́ àfi tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi tó sì wà lórí iná. Fídíò tó yà látàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdí tó fi jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni géèmù ń di nìyẹn.

Ìlà inú modem

Kí ló dé tí fóònù kan lè sọ 18 di 510? Kámẹ́rà méjì àti ìpàdé fídíò jọ ń rán bí megabit 6 jáde, wọn kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn yẹn mọ ìwọ̀n tó tó wọn. Ẹ̀rọ tó ń kó fáìlì ránṣẹ́ kò mọ ìwọ̀n kankan. TCP, ìyẹn òfin tó ń tẹ̀ lé, ní kó máa yára sí i, kó máa yára sí i, títí ìdì dátà kan yóò fi sọnù lójú ọ̀nà. Ìsọnù yẹn ni àmì pé ọ̀nà ti kún. Ìgbà tó bá rí i ló tó ń dẹ ẹsẹ̀.

Modem ni kò jẹ́ kí ìdì náà sọnù. Ó ní ibi ìpamọ́ kan nínú, tó ń to àwọn ìdì tó fẹ́ jáde sí. Dípò kó ju èyí tó bá pọ̀ jù nù, gbogbo rẹ̀ ló ń kó jọ. TCP kò rí àmì, ó ń tì sí i. Ìlà ń gùn sí i. Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí àwọn aláàárù tò sí, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù ńlá lórí. Ẹnì kan mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́ dé, kò sẹ́ni tó yà fún un, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ dúró. Ìdì géèmù ni ẹni tó mú ìwé pélébé yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìdì dátà tó kún jẹ́ byte 1500, ìyẹn bit 12,000. Lórí ọ̀nà tó ń gbé megabit 10 jáde, ìdì kan ń gba millisecond 1.2. Bí 400 bá wà níwájú rẹ, wàá dúró fún millisecond 480 kí tìrẹ tó bọ́ sójú wáyà. Gbogbo 400 yẹn kò pé megabyte 1. Lójú ẹni tó ṣe modem, ibi ìpamọ́ tí kò pé megabyte 1 kò jọ nǹkan kan. Lójú ẹni tó ń gbá géèmù, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni, òun sì ni ikú àti ìyè nínú ìjà.

Ìyà náà kì í sì í mọ lórí ohun tó ń jáde. Gbogbo ohun tí TCP bá gbà wọlé ló gbọ́dọ̀ dá èsì kékeré padà pé òun ti rí i gbà, kí ẹni tó ń rán an tó máa bá a lọ. Èsì kékeré yẹn náà ń tò sẹ́yìn ìlà kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń wọlé fi máa ń falẹ̀ nígbà tí ohun tó ń jáde bá kún, bí megabit 300 tilẹ̀ ṣófo sílẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n máa ń dì gbagidi nínú ìpàdé lálẹ́, ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣí tìkọ̀tìkọ̀ lórí fóònù bàbá, gbogbo ilé sì ń sọ pé Wi-Fi ò dára. Àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn, ọmọ tó ń gbá géèmù ló kàn kọ́kọ́ pariwo.

Bufferbloat ni orúkọ rẹ̀. Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ yẹn ní 2010, lẹ́yìn tó rí i nínú ilé ara rẹ̀ pé bí òun bá ń kó fáìlì ńlá ránṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé á di jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Ó dùn mí pé a ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà, tí ìdánwò iyára tí tọmọdé-tàgbà ń lò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bò ó mọ́lẹ̀. Ìdánwò náà á kọ́kọ́ wọn ping nígbà tí ọ̀nà ṣófo, lẹ́yìn náà ló tó kún ọ̀nà láti wọn megabit. Kì í wọn ping nígbà tí ọ̀nà bá kún, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni géèmù ń di. Ó ti ń yí padà báyìí. Fast.com ń fi méjèèjì hàn fún ẹni tó bá ní kó fi àlàyé kún un. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà Apple, tí macOS rẹ̀ jẹ́ Monterey ti 2021 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, lè tẹ networkQuality sínú Terminal. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tìtorí géèmù san owó kún owó: ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ping nígbà tí ọ̀nà bá kún.

Ráútà tí wọ́n kọ gaming sí lára

Ráútà bàbá kì í ṣe ayédèrú. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí géèmù kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tan ètò náà. Bí ìdì géèmù àti ìdì fọ́tò bá jọ dé iwájú rẹ̀, ti géèmù ló ń ṣáájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wáyà tó so ráútà mọ́ modem ń gbé megabit 1000. Kò sí ohun tó ń jáde nínú ilé yìí tó lè kún un. Gbogbo ìdì ń kọjá lọ́gán, wọ́n ń lọ bá ìlà nínú modem, modem kò sì mọ géèmù yàtọ̀ sí fọ́tò. Ráútà ń to ìlà níbi tí kò sí ìlà.

Ohun tó yẹ ni kí ìlà kúrò nínú modem, kó wá sínú ráútà tó lè mójú tó o. Ọ̀nà rẹ̀ ni kí ráútà máa rán díẹ̀ dín sí ohun tí wáyà ilé-iṣẹ́ lè gbé, kí modem má rí nǹkan kó jọ. Nínú ètò ráútà yẹn kan náà, lẹ́yìn ojúewé gaming tó ń tàn yanranyanran, ojúewé kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí. SQM ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ètò tó ń mójú tó ìlà. Mo pa ètò gaming, mo tan SQM, mo yan CAKE, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, mo kọ megabit 8.5 sí ibi tí wọ́n ti béèrè ìwọ̀n ohun tó ń jáde.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí gidigidi. Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel, ọ̀nà kan láti mójú tó ìlà, jáde ní 2012. Kì í ka iye ìdì tó wà lórí ìlà. Ó ń wo bí ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lórí ìlà. Bí ìdúró bá ti ju millisecond 5 lọ fún odindi millisecond 100, á ju ìdì kan nù, TCP á rí àmì tó ti ń retí, á sì dẹ ẹsẹ̀. fq_codel wá ya ìlà oníkálukú sọ́tọ̀, débi pé ẹni tó ń rán díẹ̀díẹ̀ kì í dúró sẹ́yìn ẹni tó ń rán rẹpẹtẹ. Méjèèjì wọ inú Linux, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ráútà, ní 2012, CAKE tẹ̀ lé wọn ní 2018. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé géèmù nìyí o, fọ́tò nìyẹn. Bí oníkálukú ṣe ń rán nǹkan ti fi í hàn.

A tún tan gbogbo nǹkan, a fi fóònù ìyá sí iná. Fèrèsé kejì: 15, 17, 16, 19. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé fọ́tò Mọ́mì ṣì ń lọ báyìí?” Mo gbé fóònù náà fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i. Fọ́tò ń lọ.

Mo gbé 8.5 sí 9, kò sí ìyàtọ̀. Mo gbé e sí 9.5, ping bẹ̀rẹ̀ sí í fò sí 40, sí 60 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: modem tún ti ń rí nǹkan kó jọ. Mo dá a padà sí 9. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó lè jáde ni a fi sílẹ̀, fọ́tò ìyá ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tán, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára.

Apá tó ń wọlé kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ́ tán. Bí ẹ̀rọ kan bá ń gba fáìlì ńlá wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára 300, ping ń lọ sí 70. Mo tan SQM níbẹ̀ náà, ọpọlọ ráútà kò sì gbé e, torí ó gbọ́dọ̀ wo ìdì kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá. Iyára wọn já láti 300 sí 180. Mo ṣàlàyé èyí fún bàbá, òun ló sì dá a lábàá pé, “Bí mo bá ní kí wọ́n dá wa padà sí 100 ńkọ́?” Àbá tó dára jù lọ tí mo gbọ́ nínú ilé yẹn nìyí. Ọpọlọ tó dúró sí 180 lè gbé 100 láìmí gúlegúle. Ohun tí wọ́n máa pàdánù ni àsìkò tí géèmù tuntun fi ń wọlé: géèmù tó jẹ́ gigabyte 60 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 lórí megabit 300, ó máa gba ìṣẹ́jú 80 lórí 100. Ọmọ náà rò ó, ó ní òun á máa gbà á wọlé nígbà tí òun bá sùn.

Wọ́n dá a padà. Mo kọ 90 sí apá tó ń wọlé, 9 sí apá tó ń jáde. Ní báyìí, kí tẹlifíṣàn máa lọ, kí fọ́tò máa jáde, kí géèmù tuntun máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ping kì í kọjá 22 ní fèrèsé kejì. Owó tí wọ́n ń san kéré sí ti ìgbà tí géèmù ń di.

Ohun tí kò ní àtúnṣe, àti ohun tí a fi sílẹ̀

Ọmọ náà ti pààrọ̀ DNS kí n tó dé, ó sì ń gbèrò láti san owó VPN kan, ètò tó ń gbé dátà gba ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n ní ó ń mú géèmù yára. Iṣẹ́ DNS ni láti wá adirẹ́sì server kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. VPN lè ran ẹni tí dátà rẹ̀ ń gba ọ̀nà yíyípo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n millisecond 15 péré ló wà láàárín ilé-iṣẹ́ wọn àti ìlú tí server wà. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò.

Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tó jìnnà sí i ní nǹkan bí kìlómítà 6000, ìgbà mìíràn wọ́n máa ń fẹ́ kó wá gbá a lórí server tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ-àbọ̀ kìlómítà 6000 kò lè dín sí millisecond 60, bí okùn náà bá tilẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Kò sì tọ́. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni 95, 95 náà ló sì máa máa rí. Ohun tí SQM ṣe fún un ni pé 95 náà dúró ṣinṣin, kì í fò mọ́, ó sì sọ pé èyí tó dúró ṣinṣin rọrùn láti gbá ju èyí tó ń fò lọ. Mo gbà á gbọ́. Ọwọ́ èèyàn lè mọ ìdádúró tí kò yí padà.

Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ modem: 90 ní wíwọlé, 9 ní jíjáde. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gbé ohun tó ń jáde sí 20 lọ́jọ́ kan, ráútà kò ní mọ̀, 9 ló ṣì máa fún wọn títí ẹnì kan yóò fi yí i padà. Bí wọ́n bá sì dín in kù sí 8, ìlà á tún padà sínú modem lọ́jọ́ yẹn gan-an, láìsí àmì kankan lójú ráútà. Ọmọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé mẹ́ta. Mo ní kó máa rán fáìlì ńlá kan jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa wo fèrèsé kejì bó ṣe ń lọ. Bó bá ti kọjá 30, nọ́ńbà 9 ni kó kọ́kọ́ dín kù kó tó pe ẹnikẹ́ni.